Ṣé a lè yọ dísìkì lára server tó wà lórí iná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Server kan wà ní ọ́fíìsì wa, Linux ló ń lò. Dísìkì mẹ́rin, 4 TB ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló wà nínú rẹ̀. Mdadm, ètò Linux fún irú iṣẹ́ yìí, la fi so wọ́n pọ̀ ní RAID 5 (dátà pín sórí gbogbo wọn lọ́nà tí ọ̀kan fi lè kú kí dátà má sọnù). Ọ̀kan nínú wọn ti ń ṣàìsàn, smartctl, ètò tó ń yẹ ara dísìkì wò, ń kìlọ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀gá wa ní àwọn oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ yìí tọ̀sán-tòru, òun ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan pa á. Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n kàn fa dísìkì náà yọ, pé torí ẹ̀ la ṣe ṣe RAID. Bùrọ̀dá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níwájú ọ́fíìsì wa ní bí mo bá dán an wò, bọ́ọ̀dù á jó. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ lé ìkankan délé.

Ayé IDE, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń so dísìkì mọ́ bọ́ọ̀dù, ni bùrọ̀dá yẹn ń rántí, ìgbà tí wáyà dísìkì fẹ̀ bí ìgbànú. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá fa dísìkì yọ lórí iná, bọ́ọ̀dù rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́. SATA tó gbapò rẹ̀ jáde ní 2003, SAS ti server tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti ro ti yíyọ lórí iná mọ́ àwọn méjèèjì láti ìpilẹ̀. Irin pẹlẹbẹ 15 ló wà níbi tí iná ń gbà wọ inú dísìkì SATA. Àwọn kan lára irin ground gùn ju ìyókù lọ díẹ̀: àwọn ló kọ́kọ́ ń fara kan ara wọn tí a bá ń tì í wọlé, àwọn ló sì ń kẹ́yìn kúrò tí a bá ń fà á jáde. Torí náà, nínú server gidi tó ní backplane (pátákó tí dísìkì ń wọ̀ mọ́ tààrà láìsí wáyà), iná kì í ṣe ìṣòro yín.

Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ náà ò purọ́. RAID 5 lè pàdánù dísìkì kan kó má dúró. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fà á yọ láì sọ fún kernel (ọkàn Linux, tó ń darí ẹ̀rọ), ìjàǹbá ni kernel á kà á sí: àwọn ohun tó ń kọ lọ́wọ́ á padà wá pẹ̀lú àṣìṣe, gbogbo nǹkan á dúró ná kó tó mọ̀ pé dísìkì náà ti lọ. Ó sábà máa ń yè é. Ẹ lọ sọ fún oníbàárà pé “ó sábà máa ń yè é”, kí ẹ gbọ́ ohun tó máa fi dá yín lóhùn.

Tèmi ni pé iná kọ́ ló ń ba dátà jẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ohun méjì ló ń bà á jẹ́: kí a yọ dísìkì tí kernel ṣì ń lò, àti kí a yọ èyí tí ara rẹ̀ le dípò èyí tó ń ṣàìsàn. Ìkejì yìí ló pọ̀ jù, ó fi púpọ̀ ju ìkínní lọ.

* * *

Ẹnì kan ti fèsì pé láìmọye ìgbà lòun ti fa SATA yọ lórí desktop, pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ohun tá à ń pè ní server nílùú wa. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kéékèèké ni desktop tokunbo láti Computer Village ní Ìkẹjà ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n á ti ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tì sára ògiri kí ooru lè jáde. Èyí ò ní backplane. Wáyà ni wọ́n fà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ara bọ́ọ̀dù àti power supply, kò sì sẹ́ni tó ṣèlérí fún yín pé irin tó wà lẹ́nu wáyà yẹn gùn jura wọn lọ bó ṣe yẹ. Ẹ tún wo BIOS. Bí wọ́n bá gbé SATA sí IDE dípò AHCI (ọ̀nà ìgbàlódé), tàbí tí Hot Plug wà ní pípa fún ihò yẹn, kernel lè má mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò.

Ìyẹn gan-an ò bà mí lẹ́rù tó ọwọ́ èèyàn. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpótí tó kún fún wáyà, ẹ fa ti dísìkì kejì, ti ìkẹta tí kò ní ìdè mì, ó já. Dísìkì méjì ti lọ lára RAID 5 nìyẹn, ẹjọ́ ti parí.

Tí caddy (àpótí kékeré tí dísìkì ń gbé inú rẹ̀ wọlé jáde) ò bá sí níwájú ẹ̀rọ, ẹ pa á lálẹ́. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí.

(Oníbèèrè ti fèsì pé ti àwọn ní caddy níwájú, pé server gidi ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ.)

* * *

Ká ní sdc, ìyẹn orúkọ tí Linux fún ọ̀kan nínú wọn (sda, sdb, sdc, sdd), lẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹ wo backup yín ná, kí ẹ sì gbìyànjú láti ká fáìlì kan jáde nínú rẹ̀. Backup tí ẹnì kan ò tíì ká nǹkan jáde nínú ẹ̀ rí, ìròyìn lásán ni. Lẹ́yìn náà:

`cat /proc/mdstat`
`lsblk -o NAME,SIZE,SERIAL,TYPE,MOUNTPOINT`

Ní mdstat, [UUUU] túmọ̀ sí pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lẹ́nu iṣẹ́. Tí ẹ bá rí ìlà gbọọrọ kan dípò U kan, ẹnì kan ti jáde tẹ́lẹ̀. Tí ẹni tó jáde yẹn kì í bá ṣe sdc, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má yọ nǹkan kan.

Gbogbo ohun tó wà lórí sdc ni lsblk máa fi hàn yín. Ó lè jẹ́ sdc1 (apá kìíní rẹ̀) wà nínú md0 (RAID kan), sdc2 wà nínú md1, sdc3 sì jẹ́ swap (àyè tí kernel ń kó ìrántí sí tí RAM bá kún). Ẹ gbọ́dọ̀ tú gbogbo wọn sílẹ̀. Swap yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Tí swap yín ò bá sí nínú RAID, tí ẹ wá fa dísìkì náà yọ, àwọn ètò tí kernel ti kó ìrántí wọn síbẹ̀ á kú lójijì, database wà lára wọn.

`swapoff /dev/sdc3`
`mdadm /dev/md0 --fail /dev/sdc1`
`mdadm /dev/md0 --remove /dev/sdc1`

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún md1 náà. Tí ẹ bá ti dá caddy rẹ̀ mọ̀ (ọ̀nà rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀), ẹ wá ní kí kernel gbàgbé dísìkì yẹn:

`echo 1 | sudo tee /sys/block/sdc/device/delete`

Mo lo tee nítorí pé `sudo echo 1 > ...` ò ní ṣiṣẹ́. Shell yín fúnra rẹ̀ ló ń ṣí fáìlì yẹn, sudo ò dé ibẹ̀. Ẹ wo dmesg, ibi tí kernel ń ròyìn sí. Ẹ máa rí “Synchronizing SCSI cache”, ìyẹn ni pé dísìkì ń kọ ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lára bọ́ọ̀dù tó ń lo SATA tààrà, “ata3.00: disabled” tàbí irú ẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Ẹ wá ṣí ìdè caddy, ẹ fà á síwájú díẹ̀ kó lè kúrò lára iná, kí ẹ fi í sílẹ̀ bí ìdajì ìṣẹ́jú. Àwo inú rẹ̀ lè máa yí tó ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ kó dúró kí ẹ tó gbé e kúrò nínú ihò.

Tí ihò karùn-ún bá ṣófo, ẹ gbàgbé ohun tí mo sọ lókè yìí nípa `--fail`. Ẹ ti dísìkì tuntun wọ ihò yẹn, ẹ pín in bí àwọn tó kù, kí ẹ wá kọ:

`mdadm /dev/md0 --add /dev/sde1`
`mdadm /dev/md0 --replace /dev/sdc1 --with /dev/sde1`

Aláìsàn á máa bá iṣẹ́ lọ títí ẹni tuntun á fi gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò ní sí ìṣẹ́jú kan tí RAID máa wà láìní aláàbò. Èyí ni mo máa ń ṣe níbikíbi tí àyè bá ti wà, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀.

* * *

Ẹnì kan tún ní: “Ihò kìíní ni sda, ìkejì ni sdb, kò le.”

Ó le o. Bí kernel ṣe ń rí wọn ló ń pín lẹ́tà fún wọn, lẹ́tà yẹn sì lè yí padà tí ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn. Àwọn tó ń ṣe server náà ò fẹnu kò: àwọn kan ń ka ihò láti 0, àwọn kan láti 1, àwọn kan ń kà láti òkè wá sísàlẹ̀. Nọ́ńbà serial nìkan ni kò ní purọ́ fún yín. Ó wà nínú lsblk tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì wà lára bébà tó lẹ̀ mọ́ dísìkì. Ọjọ́ tí ẹ bá ń to server tuntun ni kí ẹ ti kọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ sí iwájú caddy kọ̀ọ̀kan, torí pé lọ́jọ́ ìjàǹbá, ẹ ò lè fa caddy jáde kí ẹ tó mọ èyí tó yẹ kí ẹ fà.

Tí ẹ ò bá ṣe é nígbà náà, `ledctl locate=/dev/sdc` á tan iná sí caddy rẹ̀, bí backplane bá gbà fún un. Bí kò bá gbà, ẹ ní kó máa ka dísìkì náà láìdúró:

`dd if=/dev/sdc of=/dev/null bs=1M`

Caddy tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú kíkankíkan lòun. Ẹ fi ojú méjèèjì wo `if` àti `of` kí ẹ tó tẹ Enter. Tí /dev/sdc bá lọ bọ́ sí `of`, tí /dev/zero tàbí dísìkì mìíràn sì wà ní `if`, ẹ ti pa dísìkì yẹn rẹ́. Bí aláìsàn ò bá tilẹ̀ lè fèsì mọ́, ẹ ka àwọn yòókù. Èyí tí kò ṣẹ́jú lẹ̀ ń wá.

Ẹlòmíì ní tí iná bá ti tàn búlúù, kí a máa fà á lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwọ̀ server kan ka ti òmíràn. Lára àwọn caddy HPE kan, iná funfun kan wà tó ń sọ pé ẹ má yọ ọ́: tó bá ń tàn tí ẹ sì yọ dísìkì yẹn, gbogbo RAID ló máa lọ. Búlúù kàn ń sọ pé ẹnì kan ń wá caddy yẹn ni, kò ní kí ẹ yọ ọ́.

* * *

Ìbéèrè ẹnìkan gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Tirẹ̀ kì í ṣe RAID. Dísìkì kan ṣoṣo ló wà ní /srv/data, umount, àṣẹ tó ń tú dísìkì sílẹ̀, sì ń sọ fún un pé “target is busy”. Ẹnì kan ti ní kó lo `umount -l`, kó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ `-l` yìí, mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yọ orúkọ /srv/data kúrò níwájú yín, ṣùgbọ́n ètò tó ti ṣí fáìlì síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ̀yin ò rí i mọ́, ọkàn yín balẹ̀, ẹ fa dísìkì yọ. Ó sàn kí umount máa kọ̀ fún yín.

`fuser -vm /srv/data` á sọ ẹni tó ń lò ó. Kí ẹ tó bínú sí ẹlòmíì, ẹ wo ara yín wò ná: ó lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣe cd wọ ibẹ̀ láti inú terminal mìíràn. Bí fuser ò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ wo NFS (pínpín fáìlì lórí network), torí kernel fúnra rẹ̀ ló ń pín in fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn (exportfs -u ló ń dá a dúró). Ẹ wo swapfile náà, àti àwòrán dísìkì tí ẹ fi losetup so. Container, ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú àyè tirẹ̀, ló burú jù: umount yín lè gbà, kí dísìkì náà ṣì wà ní síso nínú container. `grep sdc1 /proc/*/mountinfo` á tú àṣírí rẹ̀.

Tí umount bá gbà, tí LVM (tó ń da dísìkì pọ̀ sí ẹgbẹ́) wà lórí rẹ̀, ẹ fi `vgchange -an` pa á. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan lára ọ̀pọ̀ dísìkì inú ẹgbẹ́ kan ni, pvmove, tó ń kó dátà lọ sórí àwọn yòókù, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí vgreduce, tó ń yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, tẹ̀ lé e. Ẹ má sì gbàgbé fstab, àkọsílẹ̀ àwọn dísìkì tí ẹ̀rọ ń so nígbà tó bá ń tàn. Tí ìlà rẹ̀ bá ṣì wà níbẹ̀ láìsí `nofail`, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún server tàn, systemd, tó ń gbé Linux dìde, á dúró dè é fún ìṣẹ́jú àáyá 90, lẹ́yìn ìyẹn á wọ emergency mode, á máa dúró kí ẹnì kan wá tẹ password. Tí server bá wà ní Èkó tí ẹ̀yin wà ní Òṣogbo, ẹ ti mọ ohun tó kàn.

* * *

“Kí ló dé tí ẹ ò kàn pa á?”

Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí ń bọ̀. Àwọn tó bi í gbà pé kò sóhun tó láàbò ju kí ẹ̀rọ wà ní pípa lọ. Ìdajì òótọ́ ni. Dísìkì tó ti ń yí láti ọdún mélòó kan láìsinmi, ọjọ́ tó bá dúró lè jẹ́ ọjọ́ tí kò ní dìde mọ́. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú server yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ kan náà lẹ rà wọ́n. Tí ọ̀kan bá ti ń kú lọ, pípa ẹ̀rọ ni kí ẹ ní kí àwọn mẹ́ta tó kù wá ṣe ìdánwò. Pípa náà ò sì ní kí ẹ má yọ èyí tó yàtọ̀. Èèyàn ń ṣì í yọ nínú server tó wà ní pípa bíi ti èyí tó wà lórí iná.

Ọ́fíìsì tí kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀ ní Sátidé, tó sì ní backup àná? Ẹ pa á. Ti oníbèèrè yìí ni mi ò ní pa.

Ohun tí mo rò pé ẹ máa bá ara yín jà lé lórí, tí kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu bà á, ni iná. Rebuild (kíkọ dátà padà sórí dísìkì tuntun) 4 TB, tí dísìkì bá ń kọ 150 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á gbà tó wákàtí méje ààbọ̀, ìyẹn tí kò bá sí oníbàárà lórí rẹ̀ rárá. Ẹ fi tiwọn kún un. Ṣé bátìrì UPS yín ṣì lè gbé e títí jẹnẹrétọ̀ á fi tàn? Ṣé dísù wà nínú jẹnẹrétọ̀? Tí ẹ bá fọwọ́ ara yín pa server dáadáa, md á rántí ibi tó dé. Tí iná bá já lójijì, RAID 5 tó ti pàdánù ẹnì kan ló máa gba ẹ̀ṣẹ́ yẹn. Ẹ ra dísù sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí caddy.

* * *

Ẹni tó béèrè pé, “Bí mo bá ti wá fa èyí tí kì í ṣe òun yọ ńkọ́?”

Ẹ má ṣe nǹkan kan. Ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn pè mí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. sdc ti jáde nínú md, ihò 2 ló wà, server yẹn sì ń kà láti 0. Ọmọkùnrin tó wá yọ ọ́ kà láti 1, ó fa sdb. Dísìkì méjì ò sí mọ́, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà kún fún I/O error. Ohun tó kó wọn yọ ni pé ó dá a padà sínú ihò kan náà, ó sì jókòó. Nígbà tá a wò ó, sdb ti padà wá pẹ̀lú orúkọ sde, torí md ṣì di orúkọ sdb àtijọ́ mú. A ṣe `mdadm --examine` lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi nọ́ńbà Events wọn (tó ń ga sí i bí RAID bá ṣe ń yí padà) wéra. Àwọn mẹ́ta tí ara wọn le súnmọ́ra gan-an. A dá md0 dúró, a wá kọ:

`mdadm --assemble --force /dev/md0 /dev/sda1 /dev/sde1 /dev/sdd1`

Ó gbà. A ṣe `fsck -n` kó lè wò láì fọwọ́ kan nǹkan, ká tó ṣe fsck gidi. Fáìlì díẹ̀ tó ń wọlé lọ́wọ́ nígbà tó fà á yọ bàjẹ́, ìyókù padà.

Ohun tí ì bá pa wọ́n ni `mdadm --create`, tó ń dá RAID tuntun sílẹ̀, tí àwọn kan máa ń sọ fún èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń pín oògùn ibà. Nínú hardware RAID, tí káàdì ń ṣe dípò mdadm, bọ́tìnì tó ń jẹ́ Initialize ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì.

* * *

Kíákíá fún àwọn tó kù. Hardware RAID: mdadm ò kàn yín, káàdì ló ń dá sí i. Dísìkì tí káàdì ti kọ Failed sí lára, ẹ lè fà á yọ. Èyí tó kàn ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ kọ́kọ́ ṣe é ní offline. Pẹ̀lú storcli, ètò tí a fi ń darí àwọn káàdì kan, `set offline` ló máa ṣáájú, lẹ́yìn náà `set missing`, kí `spindown` gbẹ̀yìn.

NVMe (dísìkì tí kì í yí, tó ń gba ọ̀nà PCI): èyí tó dà bí caddy níwájú server, ẹ umount, kí ẹ pa iná ihò rẹ̀ láti /sys/bus/pci/slots kí ẹ tó fà á. M.2 tí wọ́n fi sikurú dè mọ́ bọ́ọ̀dù, rárá. Wọn ò ṣe é fún irú eré yìí.

* * *

Oníbèèrè ti padà wá. Ó ní sdc ti jáde, tuntun ti wọlé, rebuild ti dé ìdajì, ọ̀gá ò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ó béèrè ohun méjì: ṣé ó kù ohun tó yẹ kí òun ṣe, àti pé ṣé òun lè ta dísìkì àtijọ́.

Èkíní: ẹ wò ó bóyá server lè gbéra láti ara dísìkì tuntun. RAID ń dáàbò bo dátà yín, ṣùgbọ́n apá EFI tí ẹ̀rọ fi ń gbéra sábà máa ń wà lórí dísìkì kan ṣoṣo, lẹ́yìn òde RAID. Tó bá jẹ́ pé ti sdc ni ẹ̀rọ yín ń lò, kò ní sí àmì kankan lónìí. Ọjọ́ tí ẹ bá tún un tàn lẹ máa mọ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí àwọn tó kù nísinsìnyí tí ara ẹ̀rọ ṣì le.

Ìkejì: ẹ má tà á. Òfin dídáàbò bo dátà ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, kì í ṣe ohun tí ọ̀gá yín máa fẹ́ pàdé lórí dísìkì ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀. Tí ẹ bá fi shred kọ nǹkan bò ó, ó ṣe dáadáa fún dísìkì tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n aláìsàn ti gbé àwọn apá kan sẹ́yìn tí shred ò lè débẹ̀, orúkọ oníbàárà lè wà nínú wọn. Bùrọ̀dá iwájú ọ́fíìsì yín á ní dírílì. Ẹ ní kó lu ihò mẹ́ta gba inú àwo rẹ̀ kọjá, kí ẹ sì dúró tì í títí á fi lù ú tán.